Omi Inú Túùbù Keje

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àwọn Ọmọdé.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Adìyẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti lọ sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun òun? Àwọn ọmọ rẹ tó ń hu ìyẹ́ ńkọ́, àwọn adìyẹ tí ẹ ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo kí gbogbo yín pátá, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń wọ bàtà àti ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í wọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tí lẹ́tà rẹ ti wà lórí tábìlì mi, mo sì mọ bí inú rẹ ṣe máa ń ru tí ènìyàn bá ka lẹ́tà rẹ tí kò dáhùn. Jọ̀wọ́, má bínú. Kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá níbí. Ọmọ tí ìyàwó àbúrò mi bí, èyí tí mo sọ fún ẹ pé oṣù rẹ̀ kò pé, ti fi wá sílẹ̀ lọ. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí n má baà máa yí i po, torí ohun tí o bi mí nínú lẹ́tà rẹ àti ikú ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n.

O bi mí pé ilé-iṣẹ́ wo ni kí ẹ kó sáńpù àwọn adìyẹ yín fún, kí wọ́n bá yín ka DNA kòkòrò tó ń pa wọ́n, ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò ní gani lára, tí iṣẹ́ rẹ̀ á sì dára. Ìdáhùn mi ni Pọ́ọ́kú. Mo mọ̀ pé wàá pariwo. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn nítorí owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbà, èmi náà ni mo sì sọ fún ẹ lórí fóònù pé olè ni wọ́n, pé ńṣe ni wọ́n ń jókòó sílé hùmọ̀ èsì. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ẹ.

O rántí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tó wà lókè lábù wa, ibi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí nínú àpótí onígíláàsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ibà kan ti ń mú wọn níbẹ̀. Ọmọ á máa ṣe dáadáa, á máa mu wàrà, ó di ọjọ́ kejì, ara á gbóná, gbogbo ara á rọ̀ jọ̀wọ̀. Òmíràn kì í rí àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, bí mo bá sì ti gbìn ín sínú àwo, kòkòrò kan náà ló ń hù. Ṣùgbọ́n níbo ló ti ń wá? Ṣé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni? Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni? Ṣé ẹnu ẹ̀rọ omi ni? Àwo kò lè sọ ìyẹn. DNA ló lè sọ ọ́: kí wọ́n ka ti kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí wọ́n ka ti èyí tí a bá nù kúrò lára ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù, kí a wá wo èwo ló jẹ́ ọmọ ìyá èwo. Àwa ò ní ẹ̀rọ tó ń kà á, ìwọ náà mọ̀. Àfi kí a gbé e fún ẹlòmíràn.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó wa rọbí lójijì. O mọ àbúrò mi yẹn, káfíńtà, òun ló tún ẹsẹ̀ tábìlì ìdáná rẹ ṣe tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbowó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ, wọ́n retí títí ẹnu fi ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ọmọbìnrin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì lọ. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Mi. Bó bá ti dé láti ìsọ̀, tòun ti eruku igi lára, á dúró lẹ́yìn gíláàsì, á ní, "Ọ̀gá mi, mo ti dé o. Mo pẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi níṣẹ́." Àwọn nọ́ọ̀sì á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ki ọ́síjìn bọ̀ ọ́ nímú torí pé àyà rẹ̀ kò tíì lágbára láti dá mí.

Ìgbà tí mo rí i nínú wọ́ọ̀dù yẹn, àyà mi já. Mo mọ ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Mo bẹ dókítà àgbà pé kí wọ́n gbé e kúrò, ó ní ibo ni kí wọ́n gbé e lọ, pé kò síbòmíràn tó ní àpótí, bí wọ́n bá sì yọ ọ́síjìn nímú rẹ̀, kò ní dé ẹnu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tó wá kù fún mi ni kí n rí ibi tí kòkòrò náà ti ń wá kí òun tó rí ọmọ wa.

Ilé-iṣẹ́ méjì la gbé yẹ̀ wò. Ọ̀kan ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tí mo pè ní Àgbà: ọ́fíìsì wọn ń dán gbinrin, èsì wọn máa ń nípọn, owó wọn sì ń dẹ́rù bani. Èkejì ni Pọ́ọ́kú, tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta bàtà: yàrá díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀, owó tí kò tó ìdajì ti Àgbà. Akápò ilé ìwòsàn ní Pọ́ọ́kú ni kí a lò, kí owó wa lè ká gbogbo ohun tí a bá nù ní wọ́ọ̀dù. Dókítà àgbà ní òun ò lè fi ẹ̀mí ọmọ dán ọjà ẹ̀dínwó wò. Ni wọ́n bá kọjú sí mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dán àwọn méjèèjì wò ná, kí a tó kó iṣẹ́ ńlá fún ẹnikẹ́ni.

O mọ̀ mí, o mọ ọgbọ́n àgbọ́njù mi. Mo pín kòkòrò tó ti ara àwọn ọmọ wá sínú túùbù mẹ́fà, nọ́ńbà nìkan ni mo kọ sí wọn lára, mo sì ṣe irú wọn gẹ́lẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, ohun kan náà ló yẹ kó rí. Túùbù keje ni mo wá fi ṣe tàkúté. Omi lásán ni mo bù sí i, omi tí ẹ̀rọ lábù wa máa ń sè, tí ooru rẹ̀ á tún di omi padà, èyí tí à ń pè ní omi dístíìlì. Lójú tèmi, kò sí ohun tó mọ́ tó omi yẹn nínú gbogbo ilé ìwòsàn. Mo ní ẹni tó bá sọ pé òun rí kòkòrò níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Pọ́ọ́kú ló kọ́kọ́ pè mí. Ọmọbìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Túùbù keje yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn yòókù. Níbo lẹ ti mú un, mà?" Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní áà, wọ́n ti gbóòórùn tàkúté, wọ́n fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú u. Mo bá dá a lóhùn pé, "Ara ọmọ la ti mú un, bíi ti àwọn yòókù." Ó ní, "Ó dáa, mà. A máa tẹra mọ́ ọn títí tó fi máa ṣeé kà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ń fọ́nnu fún gbogbo àwọn tó wà ní lábù pé ẹja ti ń gbé ìwọ̀ mì.

Nígbà tí èsì dé, àwọn méjèèjì ka túùbù mẹ́fà àkọ́kọ́ bákan náà: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo kòkòrò náà, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá. Ní ti túùbù keje, Àgbà kọ ọ́ pé kò sí nǹkan tó ṣeé kà nínú rẹ̀. Pọ́ọ́kú kọ ọ́ pé kòkòrò kan náà ni, ọmọ ìyá àwọn mẹ́fà yòókù, kò fi ibì kankan yàtọ̀. Ìyá Adìyẹ, mo pàtẹ́wọ́! Mo gbé ìwé náà sókè lójú dókítà àgbà, mo ní ẹ wá wo àwọn gbájú-ẹ̀, wọ́n wo èsì àwọn ọmọ, wọ́n dà á kọ fún omi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi akápò, tó mọ ohun tí ẹ̀rín náà máa ná òun. A mú Àgbà. Owó wọn ò jẹ́ ká lè rán ju ìdajì ohun tí a nù lọ, wọ́n sì ní kí a fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìdúró yẹn ni mi ò lè gbàgbé. A ti nu ọwọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì, a ti nu bẹ́ẹ̀dì, a ti nu ẹnu gbogbo ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì àgbà kan lọ máa jókòó sílé ná, nítorí pé òun ló tọ́jú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó kú. Ìyá yẹn ti gbé ọmọ ju iye irun orí mi lọ, wọ́n wá ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀bẹ. Mo ń gòkè lọ wo ọmọ wa láàárọ̀, mo ń gòkè lọ lọ́sàn-án, mo ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó ń tutù. Ó tiẹ̀ ń sanra díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Ọ̀gá òun ti ń yọ ikùn bí ọ̀gá gidi.

Ọjọ́ tí èsì Àgbà dé, ó nípọn lóòótọ́, ó sì mọ́ lójú. Kò sí ọwọ́ kankan tó bá kòkòrò náà mu, ti nọ́ọ̀sì tí wọ́n lé sílé pàápàá kò bá a mu. Kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan. Kò sí ẹnu ẹ̀rọ omi kankan. Ibi tí mo ti ń kà á lọ́wọ́ ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá pè mí pé ara ọmọ wa ti gbóná.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn. A dúró tì í. Nọ́ọ̀sì kan wá bu omi kún ìgò kékeré tó wà lára ọ́síjìn rẹ̀. O mọ̀ pé ọ́síjìn máa ń gbẹ, ó lè bó ọmọ nímú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kó gba inú omi kọjá kó tó dé imú. Inú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kan ló ti ń bù ú. Mo wo ara kẹ́ẹ̀gì yẹn, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi: OMI LÁBÙ.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, níbo lẹ ti rí omi yìí?" Ó ní, "Tiyín ni o, Ìyá. Omi inú ìgò tí wọ́n ń rà fún wa tẹ́lẹ̀ ti tán látìgbà ọdún tuntun. Wọ́n ní ti lábù tiẹ̀ mọ́ jù ú lọ." Mo rántí túùbù keje. Mo já kẹ́ẹ̀gì yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sí wa lára, mo ń pariwo pé kí wọ́n yọ gbogbo ìgò tó wà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kíá. Àbúrò mi ń pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé? Kí lẹ rí?"

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ̀rọ wa ń sè omi náà dáadáa, kò sí àbùkù lára ẹ̀rọ. Àgbá tí omi náà ń kán sí, tí kò sẹ́ni tó ronú àtifọ̀ ọ́ rí nítorí pé omi mímọ́ ló ń wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni kòkòrò kọ́lé sí. Mo da omi náà sínú àwo, ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ti kún àwo. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí omi náà padà, kò sí ọmọ tuntun kankan tí ibà yẹn tún mú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ti mú ló gbádùn. Ọ̀gá Mi kò sí lára wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló lọ, ìyá rẹ̀ ń fi ìka kan ṣoṣo pa á lórí, torí pé ìka kan ṣoṣo ló gba orí náà.

Àwọn ènìyàn ń wá kí wa. Wọ́n ń sọ fún ìyàwó wa pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún abiyamọ náà nìyẹn, kò sí ẹni tó ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n mo dìde kúrò níjókòó, mo lọ dúró sí ìta títí wọ́n fi lọ.

Mo pe ọmọbìnrin Pọ́ọ́kú yẹn. Mo sọ fún un pé omi ni mo bù fún wọn, pé mo purọ́ fún un. Mo ń retí kó bú mi, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀ mà. Kòkòrò yẹn fẹ́ràn omi, ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Bí ẹ bá ní omi ni, ǹ bá ti sọ fún yín pé kí ẹ má lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ara ọmọ ni." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mélòó ni, mà?" Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti tún pè é láti ìgbà náà, mo sì tọrọ àforíjì bí àgbà ṣe ń tọrọ ọ́ lọ́wọ́ ọmọdé nígbà tó bá jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n lé sílé ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í kí mi, mi ò sì bá a jà.

Nítorí náà, kó sáńpù yín fún Pọ́ọ́kú. Owó wọn á ká gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rán, kò ní jẹ́ kí ẹ máa ṣà á mú bíi tiwa. Bí ọ̀gá rẹ bá sì ní ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ẹ máa lò, má wo bí èsì wọn ṣe nípọn. Bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n ń ka ojú kan náà lára DNA kí wọ́n tó fọwọ́ sọ̀yà. Bi wọ́n bóyá wọ́n á fún yín ní èsì tútù, ohun tí ẹ̀rọ wọn kà gan-an tí wọn ò tíì sè, kí ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí yìnyín pọ̀ nínú àpótí tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Fi omi tiyín ránṣẹ́ pẹ̀lú, bí mo ṣe ṣe, ó dára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń pe ènìyàn tí nǹkan bá rú wọn lójú. Ẹni tó bá pè ọ́ ni kí o mú. Bó bá sì pè, Ìyá Adìyẹ, sọ òótọ́ fún un.

Mo ti sọ fún àbúrò mi. Dókítà àgbà ní kí n fi sínú, pé kí ni àǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi sínú. Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fá pákó lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: omi, túùbù, fóònù, irọ́, ẹ̀rín tí a rín. Kò dá iṣẹ́ dúró títí mo fi parí. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣé wọ́n ti da omi yẹn nù?" Mo ní wọ́n ti dà á nù. Ó ní, "Ẹ má sọ fún ìyá rẹ̀." Mo rò pé àánú mi ló ṣe é, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí yín. Ó gbà pé ẹnì kan jà fún ọmọ òun. Bí ẹ bá tún gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù fún un?" Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá pákó rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kí mi bó ti yẹ kí ènìyàn kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìkíni náà ló sì ń parí sí.

Ìyàwó wa ò mọ̀kan. Ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, á di ọwọ́ mi méjèèjì mú, á ní, "Àǹtí, ẹ ṣé. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí ojú yín rí nítorí ọmọ yẹn." Ohun tí wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé kí a fi dáhùn ọpẹ́ ni mo fi ń dá a lóhùn. Mo ń ní, "Kò tọ́pẹ́." Á ní ó tọ́ ọ.

Bá mi kí baálé rẹ, kí o kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì kí ọ̀gá rẹ ní lábù, sọ fún un pé mi ò tíì gbàgbé ìwé tó yá mi. O ní o ń bọ̀ wá kí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Jọ̀wọ́, wá, inú wọn á dùn. Yóò yìn mí lójú rẹ, ìyàwó wa. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í sọ ọ́ fún. Bó bá bẹ̀rẹ̀, bá a ṣe àmín, kí o sì jọ̀ọ́, má wo ojú mi.

                                                  Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
                                                  Ìyá Lábù.